Ìjàkadì Òru Ọjọ́ Ìsinmi



Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 2021, tí í ṣe ọjọ́ Ìsinmi kìíní lẹ́yìn Àjíǹde, èmi ni mo ka ẹ̀kọ́ kìíní nínú ìjọ wa ní Bódìjà. Mo ka ẹsẹ kan lẹ́ẹ̀mejì, mo sì fo èyí tí ó tẹ̀lé e. Lẹ́yìn ìsìn, àwọn ìyá ìjọ yí ìyàwó mi ká, wọ́n ń bi í léèrè bóyá ibà ni ó ń ṣe mí, tàbí iṣẹ́ ọ́fíìsì ni ó pọ̀ jù fún mi. Ìyàwó mi, ẹni tí kò mọ bí a ti í purọ́, dáhùn pé ara mi le, oorun ni. Kò sọ ohun tí ó gba oorun náà lójú mi. Èmi fúnra mi ni n óò sọ ọ́ lónìí, bí ojú tilẹ̀ ń tì mí díẹ̀.

Ìjàkadì ni mo ń wò. Láti aago kan òru ni èmi àti ọmọ mi ọkùnrin ti jókòó ti tẹlifíṣọ̀n, tí à ń wo ìjàkadì ńlá ti Amẹ́ríkà tí a ń pè ní WrestleMania, èyí tí wọ́n ń ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ọdún. Bí ẹ bá ní ọmọkùnrin tí ó ti tó ọdún mẹ́jọ nínú ilé yín, ẹ ti mọ orúkọ náà. Bí ẹ̀yin kò bá sì mọ̀ ọ́n, àga yín tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán ti mọ̀ ọ́n. Ní oṣù Kẹrin, àkókò tiwa fi wákàtí márùn-ún ṣíwájú ti àwọn ará New York, nítorí náà ohun tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ Sátidé lọ́hùn-ún, òru ọjọ́ Ìsinmi ni ó ń bọ́ sí fún wa ní Ìbàdàn.

Fún àwọn àgbà tí ohun yìí ṣàjèjì sí, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1982, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Vince McMahon ra ilé-iṣẹ́ ìjàkadì tí ó jẹ́ ti bàbá rẹ̀ àti ti àwọn alájọṣe bàbá rẹ̀. Ní ayé ìgbà náà, olúkúlùkù ẹni tí ń ṣe òwò ìjàkadì ní Amẹ́ríkà ni ó ní ẹkùn tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí alápatà ti í ní ìsọ̀ tirẹ̀ nínú ọjà, a kì í sì í wọ ẹkùn ẹlòmíràn. McMahon kò ka ààlà náà sí. Ó ń gba oníjàkadì lọ́wọ́ onílé-iṣẹ́ yìí, ó ń gba ti onílé-iṣẹ́ ọ̀hún, títí ó fi kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn jọ. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 1985, ó pe ìpéjọ WrestleMania àkọ́kọ́ ní gbọ̀ngán Madison Square Garden ní New York. Ènìyàn 19,121 ni ó wà nínú gbọ̀ngán náà, ṣùgbọ́n iye àwọn tí ó wò ó ní ìlú mìíràn ju mílíọ̀nù kan lọ, nítorí a na aṣọ funfun gbọọrọ sí àwọn gbọ̀ngán káàkiri, a sì ń ju àwòrán ìjà náà sí i lára bí ó ti ń lọ lọ́wọ́. Hulk Hogan àti Mr. T, òṣèré kan tí irun orí rẹ̀ kò ṣe é gbàgbé, ni wọ́n bá Roddy Piper àti Paul Orndorff jà. Muhammad Ali, ẹni tí ó bẹ ilẹ̀ wa wò ní 1964, wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí adájọ́ ní ìta okùn.

Kí a sọ tòótọ́, kì í ṣe McMahon ni ó kọ́kọ́ ronú irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Jim Crockett ti ṣe tirẹ̀, tí ó pè ní Starrcade, ní ìlú Greensboro ní oṣù Kọkànlá ọdún 1983. Ṣùgbọ́n ti McMahon ni ó dúró. Lẹ́yìn náà ni a wá ọ̀nà tí ènìyàn fi lè san owó ìran kan ṣoṣo náà láti inú ilé rẹ̀, tí a ó sì ṣí i fún un lórí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Bí ìran bá sì ti parí, a ó tún ti ilẹ̀kùn padà. Ọ̀nà yìí ni ó sọ McMahon di ọlọ́rọ̀.

Bàbá mi kò ka ìjàkadì bẹ́ẹ̀ sí, wọ́n sì ní ìdí. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1963, nígbà tí wọ́n jẹ́ ẹni ọdún 25, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n wà nínú pápá ìṣeré Liberty ní Ring Road, èyí tí a yí orúkọ rẹ̀ padà sí ti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 2010. Níbẹ̀ ni Dick Tiger, ọmọ Ìgbò tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ Richard Ihetu, ti bá Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà kan ẹ̀ṣẹ́ fún oyè àgbáyé. A kò tíì ja irú ìjà oyè bẹ́ẹ̀ rí ní ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú ní Áfíríkà ṣáájú ọjọ́ náà. Nígbà tí abala keje parí, ojú Fullmer ti wú, agbára rẹ̀ sì ti tán, àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ó dìde fún abala kẹjọ.

Ìtàn ìjà yìí ni a fi tọ́ wa dàgbà nínú ilé wa ní Challenge, níbi tí kò jìnnà sí pápá náà. Bí iná bá lọ ní alẹ́, tí a jókòó sí ìloro, bàbá mi a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́: bí àwọn ènìyàn ti ń rọ́ wọlé, bí ariwo ti gba gbogbo pápá kan nígbà tí Tiger yọ, bí òun ti ń ka àwọn ibi tí ó wú ní ojú Fullmer gẹ́gẹ́ bí ẹni tí yóò di ọgbẹ́ náà bí a bá gbé e wá sí wọ́ọ̀dù òun. A mọ ìtàn náà lórí, síbẹ̀ a kì í jẹ́ kí wọ́n fo ibì kankan.

Ní ọdún 1988, mo jẹ́ ọmọ ọdún 12. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan yá kásẹ́ẹ̀tì fídíò láti ṣọ́ọ̀bù kan ní Dùgbẹ̀, ó sì gbé e wá sí ilé wa nítorí àwa ni a ní ẹ̀rọ tí ń lò ó. WrestleMania kẹta ni, èyí tí a ṣe ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1987 nínú pápá Silverdome ní ìlú Pontiac, lẹ́bàá Detroit. Ilé-iṣẹ́ náà wí pé ènìyàn 93,173 ni ó wá. Àwọn mìíràn tí wọ́n ti ṣírò rẹ̀ wí pé kò ju 78,000 lọ. Bí ó ti wù kí ó rí, èmi kò tíì rí orí ènìyàn tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ìjà tí ó gbẹ̀yìn ni ti Hulk Hogan àti André, òmìrán ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tí a sọ pé ó wọn 520 pọ́n-ùn lórí òṣùwọ̀n. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò tíì borí rẹ̀ fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò tíì gbé e lulẹ̀ rí. Irọ́ ni méjèèjì, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ọdún 12?

Ibi tí à ń wo ìjà náà dé ni bàbá mi wọlé láti ibi iṣẹ́. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ funfun wọn, wọ́n wò ó fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì wí pé, “Irọ́ ni. Wọ́n ti jọ fẹnu kò nípa ẹni tí yóò ṣubú.” Èmi kò dáhùn. Wọ́n tún dúró. Wọ́n ní, “Ṣùgbọ́n ọkùnrin gìrìpá yẹn ń ṣàìsàn. Ẹ wo bí ó ti ń di okùn mú kí ó tó yí padà. Ẹ̀yìn ń dùn ún gidigidi.”

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, “Bàbá, ẹ kò mọ ẹni tí ń jẹ́ André. Dick Tiger yín kò lè ga dé àyà rẹ̀.”

Bàbá mi kò nà mí. Wọ́n ní, “Ó dára,” wọ́n sì wọ yàrá lọ. Ìyá mi fà mí létí pé kí n lọ dọ̀bálẹ̀, mo sì lọ, mo dọ̀bálẹ̀, mo tọrọ àforíjì bí ẹni tí ń ka ìwé tí kò yé e. Wọ́n ní ó ti tán. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí iná bá lọ tí a sì jókòó sí ìloro, bàbá mi kò sọ ìtàn Dick Tiger mọ́. Bí àbúrò mi bá bẹ̀ wọ́n, wọn a ní ó ti rẹ àwọn. Èmi ni mo pa ìtàn náà, gbogbo ilé ni ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní 1995, mo ti di akọ̀wé kékeré ní ọ́fíìsì kan, mo sì ń gbé ní Àgbówó pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ méjì nínú yàrá kan ṣoṣo. Mo ra àwọn ìwé ìròyìn òkèèrè tí ó ti gbó lọ́wọ́ ẹni tí ń pàtẹ wọn sílẹ̀ ní Dùgbẹ̀, nínú wọn ni mo sì ti ka ohun méjì. Èkíní ni pé ní ọdún 1989, ilé-iṣẹ́ McMahon fúnra rẹ̀ sọ fún àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ New Jersey pé ìran fún ìgbádùn ni iṣẹ́ òun, kì í ṣe ìdíje, kí ìjọba má baà máa ṣàkóso rẹ̀ bí ìdíje ẹ̀ṣẹ́, kí ó má sì máa gba owó orí lé e. Ohun tí àwọn ènìyàn ti ń fura sí fún ọ̀pọ̀ ọdún, owó ni ó mú un jáde ní ẹnu wọn.

Èkejì ni ti André. Àrùn kan ni ó ń ṣe é láti ìgbà èwe, èyí tí kì í jẹ́ kí egungun ènìyàn dẹ́kun dídàgbà. Òun ni ó fún un ní gíga rẹ̀, òun náà ni ó sì ń pa á díẹ̀díẹ̀. A ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ẹ̀yìn kí ó tó bá Hogan jà, ó sì di àmùrè líle mọ́ ẹ̀yìn lábẹ́ aṣọ rẹ̀ ní ọjọ́ ìjà náà. Pẹ̀lú ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀ ni ó fi gbà kí a gbé òun sókè kí a sì là òun mọ́lẹ̀ lójú gbogbo ayé, kí oyè Hogan lè dùn ún wò. Ó kú ní oṣù Kíní ọdún 1993 nínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì kan ní Paris, ní ẹni ọdún 46. Ìsìnkú bàbá rẹ̀ ni ó bá lọ sí ilẹ̀ Faransé.

Mo pa ìwé náà dé. Bàbá mi ti sọ ọ̀rọ̀ méjì lẹ́nu ọ̀nà ní 1988, méjèèjì sì jẹ́ òtítọ́. Ohun tí ó tọ́ ni pé kí n wọ ọkọ̀ láti Àgbówó lọ sí Challenge ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, kí n sì wí pé, “Bàbá, ẹ̀yin ni ẹ jàre.” Ìrìn náà kò tó wákàtí kan. Èmi kò lọ. Mo lọ kí wọn ní ọjọ́ Sátidé tí ó tẹ̀lé e, a jẹ iyán, a sọ̀rọ̀ owó epo rọ̀bì, mo sì padà. Ọdún 26 ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Kì í ṣe ìgbéraga nìkan ni ó dì mí lẹ́nu. Bí mo bá gbà pé irọ́ ni, bàbá mi yóò bi mí léèrè ìdí tí mo fi ń wò ó síbẹ̀, èmi kò sì ní ìdáhùn. Nísinsìnyí mo ní ìdáhùn díẹ̀. Bàbá mi fúnra wọn kì í fi eré Ọba Kò So ti Dúró Ládiípọ̀ ṣeré. Wọ́n wò ó ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ, wọ́n mọ bí yóò ti parí fún Ṣàngó kí wọ́n tó san owó ẹnu ọ̀nà, síbẹ̀ ìyá mi jẹ́rìí pé wọ́n a máa nu ojú nù bí àwọn ìlù náà bá ti yí padà. Ta ni ó wí pé Ládiípọ̀ purọ́ fún wọn? Ẹ̀yin àgbà tí ẹ mọ ayé àtijọ́ sì mọ̀ pé kò sí ọkùnrin kan nínú agbo tí kò mọ ọmọ ẹni tí ó wà lábẹ́ agọ̀ eégún, síbẹ̀ bí eégún bá ti yọ, àyà gbogbo wọn a máa já. Èmi kò gba ìsìn náà wọlé, ẹ má ṣì mí gbọ́; ohun tí mo ń wí ni pé ènìyàn lè mọ ohun kan kí àyà rẹ̀ má sì mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin gíga kan ti wà nínú ìjàkadì yìí rí tí a ń pè ní Undertaker, èyíinì ni asìnkú, tí ó máa ń rìn jáde nígbà náà pẹ̀lú agogo òkú àti èéfín. Láti 1991 tí ó ti kọ́kọ́ jà ní WrestleMania, ẹ̀ẹ̀mọ́kànlélógún ni ó borí níbẹ̀, kò ṣubú lẹ́ẹ̀kan, títí di ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ọdún 2014 ní New Orleans, nígbà tí Brock Lesnar borí rẹ̀. Gbogbo pápá dákẹ́. Mo wà ní ilé ìwòran kan ní Àgbówó ní òru náà, àwọn ọmọ Yunifásítì kún ibẹ̀ fọ́fọ́, ọ̀kan nínú wọn sì ń sunkún, bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ òfin ni ó ń kọ́. Gbogbo wọn mọ̀ pé a ti kọ ọ́ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tí a kò kọ sílẹ̀ ni pé orí ọkùnrin náà fi ara gbá nínú ìjà náà, tí ó fi di pé ilé ìwòsàn ni ó sùn.

N kò ní rojọ́ gbogbo ọdún tí ó wà láàrin. Ní 1986, ìlú mẹ́ta ni wọ́n pín in sí ní alẹ́ kan ṣoṣo, kò sì dára tó bí wọ́n ti rò. Ní 2002, ẹjọ́ ẹgbẹ́ tí ń dáàbò bo ẹranko igbó mú kí ilé-iṣẹ́ náà fi orúkọ WWF sílẹ̀, tí ó fi ń jẹ́ WWE. Ní 2014 kan náà tí asìnkú ṣubú, wọ́n dá ìkànnì tiwọn sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ènìyàn fi ń san owó oṣooṣù kékeré dípò owó ńlá fún ìran kan, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà tí ó sọ wọ́n di ọlọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í di ohun àná. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2019, àwọn obìnrin ni wọ́n ja ìjà tí ó gbẹ̀yìn fún ìgbà àkọ́kọ́, èyí tí ìyàwó mi kò jẹ́ kí n gbàgbé. Ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni Kofi Kingston, ẹni tí a bí ní Gánà, gba oyè tí ó ga jù lọ́wọ́ Daniel Bryan ní New Jersey. Kò sí ọmọ tí a bí ní Áfíríkà tí ó gbà á ṣáájú rẹ̀. Ní 2020, nítorí àrùn Kòrónà, inú yàrá ìdánrawò ni wọ́n ti jà, láìsí òǹwòran kan ṣoṣo. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé ariwo ènìyàn ni ìdajì ìran yìí. Mo ń gbọ́ bí wọ́n ti ń mí.

Báyìí ni a ṣe dé òru ọjọ́ Ìsinmi tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi ti wá ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Bódìjà láti ìgbà tí ìyá mi ti sùn nínú Olúwa. Ẹni ọdún 83 ni wọ́n, yàrá wọn sì kángun sí pálọ̀. Ìlú Tampa ní Florida ni wọ́n ti ń jà ní ọdún náà, ní pápá gbangba, òjò sì dá wọn dúró kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Iná lọ níhìn-ín náà, a sì tan jẹnẹrétọ̀. Lẹ́yìn aago méjì, òmìrán kan wọlé tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà méje àti ínṣì mẹ́ta. Omos ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n ọmọ mi mọ orúkọ rẹ̀ gan-an, ó sì fò sókè, ó ń kígbe, “Tolúlọpẹ́! Tolúlọpẹ́!”

Ilẹ̀kùn yàrá bàbá mi ṣí. Wọ́n yọ pẹ̀lú ọ̀pá àti aṣọ ìbora lọ́rùn. “Ta ni ẹ ń pè ní Tolúlọpẹ́ ní irú òru yìí?”

Ọmọ mi ní, “Bàbá àgbà, ẹ wá wò ó. Ọmọ Yorùbá ni. Tolúlọpẹ́ Omogbehin ni orúkọ rẹ̀, Èkó ni a bí i sí.”

Mo retí pé wọn yóò wí pé irọ́ ni, kí wọ́n sì padà lọ sùn. Wọ́n wí i lóòótọ́, “Irọ́ ni,” ṣùgbọ́n wọ́n wá ibi jókòó. Ọmọ mi ṣàlàyé fún wọn pé bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ni Tolúlọpẹ́ kọ́kọ́ ń gbá ní yunifásítì kan ní ìlú Tampa yẹn gan-an, àti pé ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyí láti jà níbẹ̀. Òun àti AJ Styles ni wọ́n jọ bá Kofi Kingston àti Xavier Woods jà. Wọ́n lu Styles títí, Tolúlọpẹ́ dúró ní ìgun okùn bí igi ìrókò, ó nawọ́, kò gba ìjà náà. Nígbà tí ọwọ́ Styles kàn án tí ó sì wọlé, kò pẹ́ mọ́. Ó gbé Kofi sókè, ó là á mọ́lẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo lé e láyà títí adájọ́ fi ka mẹ́ta. Ọmọ mi ń jó yí pálọ̀ ká. Bàbá mi kò wo ibẹ̀. Ẹsẹ̀ ọmọkùnrin náà ni wọ́n ń wò bí ó ti ń rìn lọ.

Wọ́n ní, “Ẹ̀yìn tirẹ̀ le. Kò dà bí ti ìjọ́sí.”

Mo bi wọ́n pé, “Ti ìjọ́sí wo, Bàbá?”

Wọ́n ní, “Èyí tí ń di okùn mú.”

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, èmi tí mo jẹ́ ẹni ọdún 45, bàbá ọmọ, olùkọ́ni nínú ìjọ, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì lójú ọmọ mi. Mo ní, “Bàbá, òtítọ́ ni ẹ sọ ní ọjọ́ náà. Àìsàn ni ó ń ṣe é. A ti la ẹ̀yìn rẹ̀ kí ó tó jà. Mo ti mọ̀ láti ọdún 1995, n kò sì sọ fún yín.”

Wọ́n ní, “Dìde. Èmi mọ̀ ní ọjọ́ náà.” Lẹ́yìn náà wọ́n ní, “Ó ti kú, àbí?”

Mo ní ó ti kú láti 1993, ní ẹni ọdún 46.

Wọ́n mi orí. Wọ́n ní, “Dick Tiger kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni ọdún 42 ni, ní 1971. Àrùn jẹjẹrẹ nínú ẹ̀dọ̀. Ara rẹ̀ sì dá ṣáṣá ní ọjọ́ tí mo rí i.”

Ọmọ mi dẹ́kun ijó. Ó ní, “Bàbá àgbà, ta ni Dick Tiger?”

Bàbá mi wò mí. N kò tíì sọ ìtàn náà fún ọmọ mi rí. Ta ni mo jẹ́ tí n óò fi sọ ọ́? Wọ́n gbé ọ̀pá sílẹ̀, wọ́n fa aṣọ ìbora mọ́ra, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí àwọn ènìyàn ti ń rọ́ wọlé. Jẹnẹrétọ̀ kú nítorí epo tán, a kò tún un tan. Nínú òkùnkùn ni wọ́n ti sọ ọ́ dé abala kẹta, ẹ̀karùn-ún, ìkeje. Ibì kan wà tí wọ́n fẹ́ fò, nípa bí wọ́n ti gbé àpótí jókòó lé. Èmi ni mo rán wọn létí. Nígbà tí Fullmer kò dìde, àkùkọ ti ń kọ ní ilé kejì, mo sì lọ wẹ̀ fún ìsìn.

Ìran náà kò tíì parí nígbà náà, nítorí alẹ́ méjì ni wọ́n ti ń fi ṣe é láti 2020. Ní alẹ́ kejì, Apollo Crews, tí òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, bá Big E jà nínú ohun tí wọ́n pè ní ìjà ìlù ti Nàìjíríà. Wọ́n to ìlù yí ojú ìjà ká, wọ́n sì ń fi ara wọn lu ìlù. Òmìrán mìíràn yọ tí ó ràn Crews lọ́wọ́ tí ó fi borí: Babátúndé Aiyegbusi, tí a bí ní ilẹ̀ Poland, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Àwọn ọmọ wa ní Bódìjà yọ̀ gidigidi. Bàbá mi béèrè ìlú tí a ti ń ja irú ìjà bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà, nítorí àwọn kò dé ibẹ̀ rí, wọ́n sì wí pé ẹni tí ó bá ju ènìyàn lu gángan ní Ìsẹ̀yìn yóò san owó awọ.

Láti ìgbà náà ni a ti ń jí wọn bí ó bá di alẹ́ Tolúlọpẹ́. Ní 2022, Bobby Lashley borí rẹ̀ ní Texas. Ní 2023, ní òru tí ó tẹ̀lé ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ, òun àti Brock Lesnar ni wọ́n ṣí ìran alẹ́ kejì ní California. Ojú bàbá mi ti ń ṣú nígbà náà, wọ́n kò rí tẹlifíṣọ̀n dáadáa mọ́, ọmọ mi ni ó ń ròyìn rẹ̀ fún wọn. Tolúlọpẹ́ na Lesnar díẹ̀, inú wa dùn. Lẹ́yìn náà Lesnar gbé e lé èjìká, odindi ọkùnrin náà, ó yí i, ó sì là á mọ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Hogan ti ṣe sí André.

Bàbá mi gbọ́ ìró rẹ̀. Wọ́n ní, “Ẹ̀yìn rẹ̀ ńkọ́?”

Ọmọ mi ní, “Wọ́n ti kà á dé mẹ́ta, Bàbá àgbà. Ó ti pàdánù.”

“Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo béèrè.”

Ọmọ mi sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ó dúró pẹ́ díẹ̀. Ó ní, “Ó ti dìde. Ó ń rìn.”

“Ó di okùn mú?”

“Kò di okùn mú.”

Wọ́n ní ó dára, kí a wá pa á, nítorí ẹni tí yóò lọ sí ibi iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé wà nínú ilé.